Ta Ló Láṣẹ Láti Ta Ilé Onígbèsè?

Bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó ní Ìdí-Àràbà, tẹ́ ẹ yà kúrò lójú títì tó lọ sí ọsibítù LUTH, tẹ́ ẹ wọ àdúgbò, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa rí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí: ilé yìí kì í ṣe títà. Ojú wa ti mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ wa rò pé nítorí àwọn oníjìbìtì nìkan ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nídìí ọ̀dà yẹn tó ti lé ní 150 ọdún l'Ékòó: bí gbèsè bá wọlé, ta ló láṣẹ láti ta ilé, ta ló sì yẹ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀ ká tó tà á?

Kí òyìnbó tó dé, ilé kọ́ ni olówó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé, ẹnìkan kò lè dá a tà. Ara ènìyàn ni gbèsè ń bá wí. Onígbèsè lè di ìwọ̀fà, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Owó gan-an ṣì wà nílẹ̀. Bí onígbèsè bá ń sá kiri, olówó lè ran ológò sí i. Samuel Johnson ṣàpèjúwe wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀: ológò á wọlé, á jókòó, á máa pariwo, á máa mú adìẹ ilé pa, títí ara ilé á fi wá owó náà. Ẹ̀yin tí áàpù owó yíyá ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù yín, ẹ ti mọ ológò. Ẹ má sì jẹ́ ká máa yin ìgbà yẹn jù. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ní 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Kóòtù dé, ìwé ilẹ̀ dé, ilé wá di ohun tí oníṣòwò lè fi dógò kó fi gba ọjà àwìn. Bí kò bá rí owó san, gbàǹjo ni. Ẹ wo Kápútẹ́nì James Davies, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó, ọkọ Sarah Forbes Bonetta tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́. Ó wà lára àwọn tó fi owó ṣèrànwọ́ nígbà tí CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Ní àwọn ọdún 1870, gbèsè àwọn oníṣòwò Manchester wọ̀ ọ́ lọ́rùn, òwò rẹ̀ sì dẹnu kọlẹ̀. Ṣùgbọ́n Davies kò parí síbẹ̀. Ní nǹkan bí 1880, ó kọrí sí oko ní Ìjàn, lẹ́bàá Agége, ó gbin kòkó. Wọ́n kà á mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ dá oko kòkó ńlá nílẹ̀ wa. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn ìdílé náà kò dákẹ́. Ní 1908, kóòtù Èkó dá ẹjọ́ Lewis àti Bankole, lórí ilé tí Olóyè Mabinuori fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1874. Ẹjọ́ yẹn fi ẹsẹ̀ ohun tí à ń pè ní ilé ìdílé múlẹ̀ nínú òfin, ó sì gbà pé obìnrin lè jẹ́ olórí ìdílé. Títí dòní, bí ọmọ kan bá dá ilé ìdílé tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò ta nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà fi wà lára ògiri.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìgbà tiwa. Lẹ́yìn tí àwọn báńkì mì tìtì ní 2009, ìjọba dá AMCON sílẹ̀ ní 2010 láti ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin AMCON gbà á láyè láti lọ bá adájọ́ nígbà tí onígbèsè kò sí níbẹ̀, kó gba àṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé ilé rẹ̀, kí ẹjọ́ gbèsè gan-an tó wá tẹ̀lé e. Àtúnṣe 2019 tún fi agbára kún agbára rẹ̀, títí kan yíyẹ àkáǹtì onígbèsè wò. Ibí yìí ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń fa ọ̀rọ̀. Àwọn kan ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwọn kan fèsì pé bí ẹ bá fún ajigbèsè ńlá láyè, á fi kóòtù jẹ ọdún mẹ́wàá, á ti kó dúkìá pa mọ́.

Èmi ò lè fi ọwọ́ rọ́ èsì yẹn sẹ́yìn, torí olówó náà lè jẹ́ ìyá olójà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2024, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. Àjọ NDIC san tó ₦5,000,000 fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí owó rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti dúró de títa dúkìá báńkì náà. Nígbà tí ìpín àkọ́kọ́ jáde ní 2025, kọ́bọ̀ 9.2 ló kan náírà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ₦1,000,000 rẹ̀ kù nílẹ̀ gba ₦92,000. Bí títà bá falẹ̀, irú àwọn ènìyàn yìí ló ń jìyà rẹ̀.

Kí wá ni ọ̀nà? Òfin ilé iṣẹ́, CAMA, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2020, ti la ọ̀nà kan. Kóòtù tàbí olówó lè fi alábòójútó sórí ilé iṣẹ́ tí gbèsè ti mú lẹ́mìí. Fún ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já wọlé wá kó ẹ̀rọ láìgba àyè. Ó dà bí LUTH tó wà nítòsí wa: wọn kì í gbé aláìsàn tó ṣì ń mí lọ sí mọ́ṣúárì, yàrá ìtọ́jú ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Bó bá kú, ó di sísin. Ṣùgbọ́n dókítà ní láti yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Tèmi ni pé kí wọ́n tà á bó bá di títà, kí wọ́n sì tà á kíá, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ tẹnu onígbèsè, òṣìṣẹ́ àti ìdílé kí òòlù gbàǹjo tó dún. Bí Davies bá ti parí sínú gbèsè, oko kòkó Ìjàn ì bá má sí. Ẹ̀yin náà, bẹ́ ẹ bá rí ilé gbàǹjo tó pọ́ọ́kú, ẹ béèrè àṣẹ kóòtù, ẹ béèrè olórí ẹbí, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.