Ẹ̀rọ Afa-èéfín fún Ilé Ìdáná: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Gbé E Kọ́ ní Apákún àti Agbègbè Oṣòdì-Ìsọlọ̀

Ẹ̀rọ afa-èéfín, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní húùdù, ni ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ sókè ìdáná láti fa èéfín, ooru, òórùn àti ọ̀rá tí ń gbéra láti inú ìkòkò, kí ó sì tú wọn síta.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná sábà máa ń wà. Àlàfo a máa wà láàárín orí ògiri àti òrùlé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni èéfín ń gbà jáde. Èyí tí ó bá kù sókè àjà ni ó ń gbẹ àgbàdo tí a óò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Lónìí, inú ilé gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dáná. Ní Apákún, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù, àwọn ilé sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí fèrèsé ilé ìdáná ẹnìkan lè kọjú sí fèrèsé yàrá tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ń sùn sí. Nítorí náà, kí ènìyàn tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ yìí, ohun méjì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀: ibi tí èéfín yóò gbà jáde, àti ibi tí afẹ́fẹ́ mìíràn yóò gbà wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí méjèèjì, ẹ̀rọ olówó ńlá tí ó rà lè di ohun ọ̀ṣọ́ lásán, tàbí kí ó tilẹ̀ di ewu fún ìdílé rẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú èéfín ìdáná

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Lára wọn, ó lé ní 237,000 tí ó jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Igi, èédú àti epo kẹrosíìnì tí a ń jó nínú ilé ni orísun ewu náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago tẹ̀ lé àwọn aboyún 324 ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún ìdajì wọn ní ìdáná tí ń lo ẹtánọ́ọ̀lù. Àwọn yòókù ń bá ìdáná wọn àtijọ́ lọ. Ní àbẹ̀wò ìkẹyìn, ìwọ̀n àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru jẹ́ 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí ó gba ìdáná tuntun, ó sì jẹ́ 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn yòókù. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí a fi ń dáná ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ̀rọ afa-èéfín kò lè sọ èédú tàbí igi di ohun tí a lè máa jó nínú yàrá.

Àwọn tí ń lo gáàsì pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ ewu pátápátá. Iná gáàsì kì í rú èéfín dúdú, ṣùgbọ́n epo tí a ń yọ́ kí a tó dín ata, àkàrà àti dòdò a máa tú èéfín ọlọ́ràá jáde. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ ti ka èéfín tí ń jáde nígbà tí a bá ń dín nǹkan nínú epo gbígbóná gan-an mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa àrùn náà. Bákan náà, iná tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó a máa tú gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì jáde. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun.

Irú ẹ̀rọ méjì tí ó wà

Èyí àkọ́kọ́ ní páìpù tí ń gbé èéfín gba ara ògiri jáde sí ìta. Òun ni ó dára jù lọ, nítorí pé ohun tí ó fà kò padà sínú ilé mọ́.

Èkejì kò ní páìpù. Ó ń fa èéfín gba inú asẹ́ tí a fi èédú pàtàkì kan ṣe, ó sì ń dá afẹ́fẹ́ náà padà sínú ilé ìdáná. Irú èyí ń dín òórùn àti ọ̀rá kù, ṣùgbọ́n kò lè mú kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, ooru àti ọ̀rinrin kúrò. Ẹni tí ń fi gáàsì dáná kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Fèrèsé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń bẹ lọ́jà ni a lè lò lọ́nà méjèèjì, nítorí náà ẹ bi ọlọ́jà léèrè bóyá páìpù wà fún èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Bí a ṣe ń mọ agbára tí ó tó

Iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ lè fà ní wákàtí kan, tí a ń fi mítà kúbíìkì kà, ni a kọ sára páálí rẹ̀. Láti mọ èyí tí ó tó ilé ìdáná yín, ẹ fi gígùn rẹ̀ sọ fífẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì tún fi gíga rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ wá fi 10 sí 15 sọ èyí tí ó jáde di púpọ̀, nítorí pé ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yí padà ní ìgbà 10 sí 15 ní wákàtí kan nígbà tí a bá ń dáná.

Fún àpẹẹrẹ, ilé ìdáná tí ó gùn ní mítà 3, tí ó fẹ̀ ní mítà 2.5, tí ó sì ga ní mítà 3, gba afẹ́fẹ́ mítà kúbíìkì 22.5. Bí a bá fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, a óò ní 225; bí ó bá jẹ́ 15, a óò ní nǹkan bí 338. Nítorí pé gígùn páìpù àti ìgúnpá rẹ̀ ń dín agbára ẹ̀rọ kù, èyí tí ó lè fa 350 sí 400 ni yóò dára fún irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀.

Fífẹ̀ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dín sí ti ìdáná tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 60 sábà máa ń tó ìdáná olójú mẹ́rin. Èyí tí ó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lè nílò sẹ̀ǹtímítà 90. Bí ẹ bá lọ sí ọjà Alábà tàbí ọjà mìíràn, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ náà bá iná orílẹ̀-èdè wa mu, èyí tí í ṣe fóòtì 230. Ẹ ní kí wọ́n tàn án níṣojú yín, kí ẹ sì gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ariwo rẹ̀ ń dí ilé lọ́wọ́ kì í pẹ́ tí wọn kò fi ní tàn án mọ́.

Fún àwọn ayálégbé àti àwọn tí ń pín ilé ìdáná lò

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé, ti ọdún 2011, sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ ṣe àyípadà tàbí àfikún sí ilé láìgba ìyọ̀ǹda onílé ní kíkọ sílẹ̀. Ihò tí a lu sára ògiri jẹ́ àyípadà. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda kí ẹ tó pe bíríkìlà.

Ní ilé oníyàrá ìkọjú-síra-ẹni, níbi tí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń lo ilé ìdáná kan náà, húùdù orí ìdáná kan ṣoṣo kò lè tó. Fáànù tí a ń kàn mọ́ ògiri nítòsí àjà láti tú èéfín síta ni ó bá ibẹ̀ mu jù. Kò wọ́n tó húùdù, gbogbo ìdílé sì lè dá owó rẹ̀ jọ. Ẹni tí ń fi èédú tàbí kẹrosíìnì dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí nínú yàrá ní láti gbé ìdáná náà bọ́ sí gbangba, ìbáà ṣe àsìkò òjò tàbí ti ọyẹ́.

Bí a ṣe ń gbé e kọ́

Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná àti ti bíríkìlà ni èyí. Kí ẹ̀yin onílé máa wò ó bóyá wọ́n tẹ̀ lé àwọn ìlànà wọ̀nyí:

1. Àlàfo tí ó wà láàárín ojú ìdáná gáàsì àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65 sí 75, bí ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá kò bá sọ ohun mìíràn. Bí ó bá sún mọ́ iná jù, ọ̀rá inú rẹ̀ lè gbiná. Bí ó bá jìnnà jù, èéfín yóò fọ́n ká kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

2. Páìpù onírin ni kí a lò, kí fífẹ̀ rẹ̀ bá ẹnu ẹ̀rọ mu. Sẹ̀ǹtímítà 15 ni ó wọ́pọ̀. Kí ó kúrú, kí ó má sì ní ju ìgúnpá kan tàbí méjì lọ. Kí ó dẹ̀ díẹ̀ síhà ìta, kí omi òjò má baà ṣàn wọlé.

3. Ẹnu páìpù kò gbọdọ̀ parí sínú àjà, sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí iwájú fèrèsé aládùúgbò. Ọ̀rá tí ó bá dúró sínú àjà yóò di ohun tí iná lè ràn mọ́. Kí a fi ìdérí tí ń ṣí síta nìkan àti àwọ̀n sí ẹnu páìpù náà, kí eku àti ẹyẹ má baà wọ inú rẹ̀.

4. A kò gbọdọ̀ lu ihò sára òpó tàbí bíìmù ilé. Bí ògiri bá ti sán, ẹ fi tó àjọ LASBCA, tí ń ṣàkóso ìkọ́lé ní ìpínlẹ̀ yìí, létí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

5. Kí wáyà rẹ̀ ní okùn tí ó lọ sínú ilẹ̀, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ má sì wà lókè iná gan-an.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀

Gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ bá tú síta, afẹ́fẹ́ mìíràn ni yóò wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá wà ní títì, ẹ̀rọ náà yóò máa fa afẹ́fẹ́ gba inú àlàfo kéékèèké èyíkéyìí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ògiri yín tàbí ti aládùúgbò yín, èéfín rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò fà wọlé láti bá àwọn tí ó sùn. Bí ó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó, kò ní lè dènà èyí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fèrèsé tí ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ wà ní ṣíṣí nígbàkígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ afa-èéfín. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí bákónì tàbí sí abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Bí àyè kò bá sí láti gbé e jìnnà, ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Bí èéfín ilé kan bá ń yọ ilé kejì lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ fi sùúrù bá ara yín sọ ọ́. Bí kò bá yanjú, Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń parí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba owó.

Lílò àti ìtọ́jú

Ẹ tan ẹ̀rọ náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó tan iná, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn tí ẹ bá dáná tán. Bí ẹ bá fẹ́ dín nǹkan, ojú ìdáná tí ó wà lẹ́yìn, nítòsí ògiri, ni kí ẹ lò, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń rí èéfín fà jù. Bí iná bá lọ, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ asẹ́ onírin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí kí ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá ń dín nǹkan lójoojúmọ́. Asẹ́ onédùú kì í sábà ṣeé fọ̀. A ń pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọ̀rá tí ó dì sínú asẹ́ lókè iná jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú iná orí òrùlé.

Bí ewu bá dé

Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ afa-èéfín, ẹ má sì ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun tí ń lo iná mànàmáná. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń rọ́ sí, nítorí náà ẹ̀rọ tí ó wà lókè kò lè kó o, iná kékeré tí ó bá sì ta nínú bọ́tìnnì lè mú kí ilé gbiná. Ẹ ti sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì jáde.

Bí epo inú ìkòkò bá gbiná, ẹ má ṣe da omi sí i. Ẹ pa gáàsì, ẹ pa ẹ̀rọ afa-èéfín kí ó má baà fa ọwọ́ iná sínú páìpù, kí ẹ sì fi ìdérí bo ìkòkò náà.

Bí orí fífọ́, òòyì tàbí èébì bá ṣe ju ẹnìkan lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde sí gbangba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Ẹ pe 767 tàbí 112. Ìpè náà kò gba owó, ẹ sì lè pè é lọ́sàn-án tàbí lóru.