Ìjúbà Ekòló

“Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu”: báyìí ni àwọn àgbà ń wí nígbà tí ọmọdé bá fẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣáájú kí ó tó dáwọ́ lé iṣẹ́, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Owódé, tí ó ń ro oko pákí àti oko obì lójú ọ̀nà Ìdíìrókò, mọ̀ pé ekòló kì í fi ọwọ́ òfìfo júbà, nítorí ewé ni ọrẹ tí ó ń gbé tọ ilẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́, tí àràbà àti ìrókò wọ́ ewé wọn sílẹ̀, igi ti kọ́kọ́ fa díẹ̀ padà sínú ara rẹ̀ nínú náítírójìn tí ó wà nínú ewé. Òjò àkọ́rọ̀ ni yóò fọ ohun tí ó bá lè yòrò jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, àti ìdílé olú tí fọ́nrán funfun wọn ń wọnú iṣan ewé, yóò dé. Ọ̀kùn àti ìgbín yóò jẹ tiwọn, ikán yóò kó tirẹ̀ lọ sílé, títí yóò fi kan ekòló, aláìlójú tí ń rìn lókùnkùn, aláìléyín tí ń jẹ oko olóko, ẹni tí ń po ewé mọ́ erùpẹ̀ nínú ìfun. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù ewé ni yóò bá èémí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí lọ sínú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù ni à ń pè ní ilẹ̀dú.

Ní 1881 ni Charles Darwin, ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba, tẹ ìwé jáde lórí bí ekòló ṣe ń wọ́ ewé sínú ihò. Kò pé ọdún mẹ́wàá sí i tí Alvan Millson, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rin ìrìn àjò ní ilẹ̀ Yorùbá, tí imí ekòló tí ó rí káàkiri sì yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ̀n ọ́n. Ìṣirò rẹ̀, tí ó jáde ní 1890, ni pé lórí máìlì kan níbùú-lóòró, ekòló ń gbé erùpẹ̀ tí ó ju 62,000 tọ́ọ̀nù wá sókè lọ́dọọdún, àti pé láàárín ọdún 27, gbogbo erùpẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ bàtà méjì nísàlẹ̀ yóò ti dé òkè lẹ́ẹ̀kan. Èmi kò ní bá a búra sí ìṣirò náà. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé ó gbà pé àgbẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ kí òun tó dé pé ibi tí ekòló kò bá ti ṣiṣẹ́, asán ni kí ènìyàn dá oko síbẹ̀.

Ewé kò dọ́gba. Ewé Akíntọ́lá, àjèjì tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá gba àwọn ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ láìro, rọ̀, kì í sì pẹ́ jẹrà. Ewé tíìkì fẹ̀, ó le, ó sì lè tẹ́ pẹrẹsẹ títí iná ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi bá a níbẹ̀.

Ti iná yìí ni ó kù. Àgbẹ̀ tí ń sun ewé ní ìdí tirẹ̀: eérú ń ta ilẹ̀ jí kíákíá, kò sì sí ẹni tí ó lè dúró de ekòló nígbà tí àkókò ọ̀gbìn bá ti tó. Ṣùgbọ́n náítírójìn ti bá èéfín lọ, àgbàrá òjò sì lè gbá eérú náà lọ kí pákí tó ta gbòǹgbò.