Ta Ló Kọ́ Tíṣà Ìtàn?

Tá a bá ti kóra jọ báyìí, ọ̀rọ̀ tíṣà Ìtàn kì í pẹ́ẹ́ jáde: nóòtì gígùn, ọdún rẹpẹtẹ láti há sórí. Ìbéèrè tèmi ni pé, nígbà tí ìjọba bá yí ìlànà ẹ̀kọ́ padà, ta ló ń kọ́ tíṣà náà?

Láyé òyìnbó, ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ló gba iwájú ní kíláàsì. Kenneth Dike àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá fi hàn pé Áfíríkà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1955 ni wọ́n dá Historical Society of Nigeria sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà tó jẹ́ pé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ló kà jáde, báwo ni yóò ṣe jí lọ́jọ́ kan kó máa kọ́ ọmọ ní ìtàn Ọ̀yọ́ àti Bìní? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rí ìṣòro yìí. Ní 1965, J. F. Ade Ajayi àti Ian Espie gbé A Thousand Years of West African History jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìwé atọ́nà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ Tarikh, ìwé àtìgbàdégbà tó ń gbé ìwádìí tuntun kalẹ̀ ní èdè tó rọrùn. Ẹ ò rí i pé yunifásítì ló wá bá tíṣà!

Tiwa ńkọ́? 6-3-3-4 dé ní 1982, Social Studies gba ipò Ìtàn ní JSS. Nígbà tó di 2009, wọ́n yọ Ìtàn kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń sá fún un, iṣẹ́ ò sí fẹ́ni tó kà á, tíṣà rẹ̀ ò sì tó. Poly ni mo lọ ní tèmi, n kì í ṣe onímọ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n àwíjàre kẹta yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Tíṣà ò tó, ẹ wá yọ iṣẹ́ náà kúrò. Níbo ni tíṣà yóò ti wá?

Ní oṣù kọkànlá 2022, Mínísítà Adamu Adamu ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ Ìtàn ní Àbújá. Tíṣà 3,700 ni wọ́n ní àwọn yàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 la ní. Ẹ pín in wò: kò pé tíṣà márùn-ún fún ìjọba ìbílẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tíṣà Ìtàn wa tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé nóòtì yín ṣì wà? Tó bá wà nínú àpótí, ẹ mú un dání wá sípàdé. A óò ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ fún àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà báyìí, tẹ́ ẹ bá sì lè fún wọn ní Sátidé kan, inú wọn yóò dùn.