Ìfẹ́ Rẹ̀ Ti Tó 70

Òru ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nínú ilé mi ní Oda, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Iná ìjọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, a sì ti pa jẹnẹrétọ̀ kí epo má baà tán. Mo jí láti mu omi, ni mo bá rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 18 tó ń retí àti wọ yunifásítì. Mo rọra ṣílẹ̀kùn. Ọmọ náà dojú kọ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó ti ki nǹkan bọ etí, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé. Obìnrin òyìnbó kan, onírun pupa, ló wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n to èsì bíi mẹ́rin sísàlẹ̀, ọmọ mi sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó mú ọ̀kan níbẹ̀. Obìnrin náà fún un lésì, ohùn rẹ̀ dùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, orílẹ̀-èdè kan náà la jọ ń gbé, ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Yàhúù! Èmi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn lórí àwọn ọmọ tí ń fi ìfẹ́ ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ àwọn opó òkè òkun, inú ilé tèmi gan-an ló tún wá dé! N kò béèrè nǹkankan. Mo fa bẹ́líìtì yọ. Mo ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, pé bí ilẹ̀ bá mọ́, n kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé mi mọ́. Ariwo mi ló jí ìyá rẹ̀.

Ọmọ náà ti dọ̀bálẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ mi ná. Kì í ṣe ènìyàn. Géèmù ni."

"Irú géèmù wo ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lóru?"

"Leliana lorúkọ rẹ̀, sà. Mo fún un ní bàtà lánàá. Ìfẹ́ rẹ̀ sí mi ti tó 70."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ mi. "Bàbá ọmọ mi, ẹ jókòó, kí ọmọ fi nǹkan ọ̀hún hàn yín."

Bí mo ṣe jókòó nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń wádìí ìtàn bí ìfẹ́ ṣe wọ inú géèmù. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Dragon Age: Origins lorúkọ géèmù tí mo bá lọ́wọ́ ọmọ mi. Ilé-iṣẹ́ BioWare, tí àwọn dókítà oníṣègùn dá sílẹ̀ ní Edmonton ní Kánádà lọ́dún 1995, ló gbé e jáde ní 2009. Ẹni tó ń ṣe géèmù náà á sọ ara rẹ̀ di jagunjagun inú ìtàn. Á kó ẹgbẹ́ jọ, wọn á máa bá iwin àti ẹranko abàmì jà láti ìlú dé ìlú. Bí wọ́n bá pàgọ́ lálẹ́, ó lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, ó sì lè fún wọn lẹ́bùn. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn mọ́ wọn á gbé àmì rẹ̀ sókè, èyí tó bá bí wọn nínú á fà á wálẹ̀. Bó bá lọ sókè tó, ìfẹ́ dé nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ mi ṣàlàyé tán, mo ní, "Ṣebí Fágúnwà nìyí?" Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ní ojú ọ̀nà tó lọ láti Oǹdó sí Ifẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní 1903, ti kó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Àwọn tó ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, oníkálukú ló ní agbára tirẹ̀: Kàkó ní kùmọ̀, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, ẹlòmíràn gbọ́ èdè ẹranko. Ìlànà kan náà ni àwọn oníṣẹ́ géèmù ń tẹ̀ lé títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin Kàkó. Nígbà tí ìrìn-àjò délẹ̀, obìnrin náà dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní kò ní fi òun sílẹ̀ lọ. Inú bí Kàkó, ó pa obìnrin náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kà á nílé-ìwé, akọni ni mo pe Kàkó. Ní báyìí tí mo ti ní aya àti ọmọbìnrin, ojú ìwé náà wúwo lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀, òun náà ló sì wà nínú gbogbo ìtàn ìrìn-àjò láyé: akọni ń lọ, kí ni kó ṣe sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀?

Ní 1974 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé eré Dungeons & Dragons jáde. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ á yí tábìlì ká, ẹnìkan á máa pìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, wọn á sì da ọmọ ayò láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Ogun ló gba ibẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò tíì pọ̀.

Ní 1986, wọ́n gbé Dragon Quest jáde ní Japan. Nínú rẹ̀, dírágónì gbé ọmọ ọba obìnrin pa mọ́ sínú ihò. Akọni gbà á sílẹ̀, ó sì gbé e sọ́wọ́ padà sílé bí ẹni gbé ọmọ. Nígbà tí ogun parí, ọmọbìnrin náà ní òun fẹ́ bá a lọ. Bí o bá dáhùn pé rárá, á tún ìbéèrè náà bi ọ́. Bí o bá tún kọ̀, á tún bi ọ́, títí o fi máa gbà. Kàkó pa tirẹ̀, èyí gbé tirẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹrù. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó nǹkan.

Dragon Quest V, tó jáde ní 1992, ni iṣẹ́ ti dára sí i. Akọni ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yan aya láàárín obìnrin méjì: Bianca, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, àti Flora, ọmọ olówó. Ó gbéyàwó láàárín ìtàn, kì í ṣe lópin rẹ̀. Wọ́n bí ìbejì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ìgbà náà ni wọ́n sọ bàbá di òkúta, wọ́n sọ ìyá náà di òkúta. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n wá bàbá wọn kiri títí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé bàbá náà kọ́ ni akọni tí àsọtẹ́lẹ̀ ń retí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ní, "Ẹni tó kọ ìyẹn mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọmọ."

Ní 2000, BioWare gbé Baldur's Gate II jáde. Nínú apá kìíní, tó jáde ní 1998, tọkọtaya kan, Khalid àti Jaheira, wà nínú ẹgbẹ́ tó ń bá akọni rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, wọ́n ti pa Khalid. Bí akọni bá fẹ́ràn Jaheira lẹ́yìn náà, opó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́ o! Obìnrin náà kò sì gbà kíákíá. Ọ̀rọ̀ á dé, á lọ, á tún padà dé, ìbànújẹ́ ọkọ rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí opó ṣe ń rí nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kíkà àmì wá gbilẹ̀. Wọ́n ti ń ka àmì tipẹ́ ṣá o, ṣùgbọ́n nínú Dragon Age ti 2009, iye náà hàn gbangba sójú: fún Leliana ní bàtà, àmì á gòkè. Nínú Skyrim, tó jáde ní 2011, ọ̀nà tún kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọni á fi ẹ̀gbà ọrùn kan sọ́rùn, á bá ẹni tó ti ṣe lóore sọ̀rọ̀, wọn á pàdé ní tẹ́ńpìlì, ó parí. Aya tàbí ọkọ náà á ṣí ìsọ̀, á máa fún un ní owó wúrà 100 lóòjọ́, á sì máa se oúnjẹ fún un lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kò sí alárinà, kò sí ìdána, kò sí àna tó máa ní kí wọ́n wá kun iṣu. Ta ni kò ní fẹ́ irú rẹ̀?

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọmọ mi yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Àwa ò ka ìfẹ́ bí ẹni ń ka owó ní tiwa." Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe wò mí láti ìsàlẹ̀ dókè. "Bàbá ọmọ mi, ṣé kí n sọ fún un ni, àbí ẹ̀yin ló máa sọ ọ́?"

Èmi náà ni mo sọ ọ́. Lọ́dún 2004, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Oǹdó, mo ra ìwé pẹlẹbẹ kan nínú ọkọ̀ ní Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ènìyàn lè fi ránṣẹ́ lórí fóònù ló kún inú rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, láàárín 1950 sí 1969, wọ́n ń tẹ ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ ní ọjà Onitsha. Èmi da èyí tó dùn jù kọ, mo fi ránṣẹ́. N kò mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn ti fi ọ̀rọ̀ kan náà, láìyọ ẹyọ kan, ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá lọ́sẹ̀ yẹn. Ìwé kan náà la jọ rà! Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí wọ́n bá ń ka àmì ni, tèmi ti lọ sábẹ́ òdo.

Ohun tó jẹ́ kó gbà fún mi kò sí nínú ìwé kankan. Bàbá rẹ̀ ló ṣàìsàn. Oṣù méjì ni mo fi ń lọ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, mo ń pọn omi, mo ń sáré oògùn, mo ń sun orí bẹ́ǹṣì. Ẹnikẹ́ni kò ka àmì fún mi. Èmi gan-an kò rántí kà á.

Ìdí nìyí tí géèmù tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ fi wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Nítòsí wa níhìn-ín ni wọ́n ti ṣe é, ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Guillaume Olivier Madiba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games sílẹ̀ ní 2013. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ fojú wọn rí màbo gẹ́gẹ́ bó ṣe ń fojú tiwa náà rí i. Ní 2015 wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí ju 40,000 Yúróò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde.

Enzo Kori-Odan ni akọni ibẹ̀, ọmọ ọba ìlú Zama. Erine Evou ni aya rẹ̀. Lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n dé Enzo ládé, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, wọ́n lé tọkọtaya náà kúrò nílùú. Ta ló dìtẹ̀? Ngarba Evou, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ọmọ ìyàwó ilé ni, àna Enzo! Ẹ̀rín pa mí. Àwọn òyìnbó gbé aya láìní àna, ará Kamẹrúùnù mọ̀ pé ilé odidi lènìyàn ń gbé níyàwó. Erine kò sì jókòó sílé, ẹnikẹ́ni kò gbé e lọ́wọ́ bí ẹrù. Ó bá ọkọ rẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà, ó ń gbèjà rẹ̀ lójú ogun, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọ̀tá tí wọ́n ń lọ bá. Agbára tí Enzo fi ń jà, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ti ń wá. Kò sídìí láti bẹ̀rẹ̀ sí í ka bàtà tí Enzo rà fún aya rẹ̀. Wọ́n ti di tọkọtaya ná, ohun tó kù ni bí wọ́n ṣe máa jọ rìn.

Láti 1938 dé 2016, ọdún 78 ni. Kàkó pa obìnrin tó ní òun kò ní jẹ́ kó dá lọ, Enzo mú tirẹ̀ dání. N kò sọ pé Fágúnwà kò mọ̀ ọ́n kọ o. Òun kan náà ló kọ Àdììtú Olódùmarè ní 1961, níbi tí Àdììtú àti Ìyùnadé ti ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ síra wọn. Ènìyàn a máa dàgbà, ìtàn náà a sì máa dàgbà.

Ó ku ohun kan. Bàbá kì í sábà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ nílẹ̀ wa, èmi náà kò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n mo pe ọmọ mi sí iwájú ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kó má bínú, pé n kò béèrè kí n tó dájọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kò sí wàhálà, sà. Ó wá béèrè bóyá òun lè máa lo kọ̀ǹpútà lóru báyìí. Mo ní rárá. Ó tún béèrè, bí ọmọ ọba ti Dragon Quest. Mo tún ní rárá.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, yàhúù wà lóòótọ́, ẹ la ojú yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fa bẹ́líìtì yọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ obìnrin náà.