Ọdún Ìbejì ní Ilẹ̀ Bràsíìlì: Ohun tí Ìkòkò Ilá Kan Lè Kọ́ Wa

Olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ díẹ̀ nípa ọdún ṣíṣe káàkiri ayé: bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó ìdílé wọn jọ, oúnjẹ tí wọ́n ń sè, àti àṣà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Ayé fẹ̀. Bí mo bá ní kí n ka gbogbo ọdún inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé ọdún mẹ́wàá kò ní gbà á. Nítorí náà, mo yan ọdún kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń ṣe ní òdì kejì òkun, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ wa ni ó gbé e débẹ̀. Bí a bá mọ bí ó ti ṣe wà láàyè di òní, a ó rí nǹkan mú bọ̀ wá sílé.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án

Ní ìlú Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, àwọn ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilá lójú méjèèjì. Kíkà ni wọ́n ń ka ilá náà. Ẹlòmíràn a ra ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ẹni tí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ ńlá a ra ẹgbẹ̀rún kan. Karurú ni orúkọ ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sè, ọjọ́ 27 oṣù náà sì ni ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yìí ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń rántí Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ méjì tí Ìjọ Àgùdà ń bọlá fún. Ìtàn ìjọ náà sọ pé ìbejì ni wọ́n, pé oníṣègùn ni àwọn méjèèjì, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn, a sì pa wọ́n nítorí ìgbàgbọ́ wọn ní ayé Ọba Diocletian ti Róòmù. Nígbà tí ìjọ ṣe àtúnṣe sí kàlẹ́ńdà rẹ̀ ní ọdún 1969, wọ́n gbé ìrántí wọn sí ọjọ́ 26, ṣùgbọ́n àwọn ará Bahia kò yẹ̀ kúrò lórí ọjọ́ 27 tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹbí, ará àti aládùúgbò a péjọ láti gé ilá náà wẹ́wẹ́, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ kan kọ́ ni. Wọn a sè é pẹ̀lú epo pupa, edé gbígbẹ tí a lọ̀, àlùbọ́sà, ẹ̀pà àti kóró kajú. Ohun tí wọ́n ń kó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹ̀wà, ìrẹsì, adìyẹ tí a fi epo pupa àti edé sè, gàrí tí a fi epo yan, àkàrà, gúgúrú, ìrèké àti àgbọn tí a gé sí wẹ́wẹ́. Ǹjẹ́ ìyá ìbejì kan wà ní ìlú wa yìí tí yóò ka àwọn oúnjẹ wọ̀nyí tí yóò sọ pé òun kò mọ̀ wọ́n?

Nígbà tí oúnjẹ bá jinná, àgbà kankan kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọmọdé méje ni a ó pè. Wọn a jókòó yí ọpọ́n kan ká nílẹ̀, lórí ẹní tàbí aṣọ tí a tẹ́, wọn a sì fi ọwọ́ jẹun, bí àwọn ènìyàn ti ń kọrin tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bí àwọn méje wọ̀nyí bá yó tán ni a ó tó bu oúnjẹ fún àwọn àgbà. Ilẹ̀kùn ilé máa ń ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí a kò tilẹ̀ mọ̀ rí a sì jẹ nínú rẹ̀.

Àṣà kan wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ó ya èmi lẹ́nu ju gbogbo ìyókù lọ. Bí wọ́n ti ń gé ilá, wọn a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ láìgé, wọn a sì sọ ọ́ sínú ìkòkò ní odidi. Ẹni tí ó bá bá odidi ilá pàdé nínú àwo rẹ̀, òun ni yóò se karurú ní ọdún tí ń bọ̀. Kò sí ìbò dídì, kò sí ìpàdé tí ènìyàn ti ń ṣe àwáwí. Inú oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ ọdún tí ń bọ̀ ti ń bá a.

Bí wọ́n ti ṣe dé ibẹ̀

Kì í ṣe ìfẹ́ inú ara wọn ni àwọn tí ó gbé ọdún yìí débẹ̀ fi lọ. Ní ìdajì kìíní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun tú ilẹ̀ Yorùbá ká. Òwu fọ́, ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá fọ́, Ọ̀yọ́ Ilé sì dahoro ní nǹkan bí ọdún 1836. Àwọn tí a kó lẹ́rú ni a tà ní èbúté Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ọkọ̀ gbé lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Òótọ́ ni pé Bràsíìlì ṣe òfin ní ọdún 1831 pé kí a má kó ẹrú wọlé mọ́, ṣùgbọ́n orí ìwé ni òfin náà dùbúlẹ̀ sí. Òfin ọdún 1850 ni ó dá òwò náà dúró. Oko ẹrú fúnra rẹ̀ kò sì parí níbẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, ọdún 1888.

Ẹrú kò lẹ́rù. Kò lè gbé ère ìbejì ilé rẹ̀ wọ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé tí ó kọ àṣà rẹ̀ sí. Ohun tí ó wà lórí àti lẹ́nu rẹ̀ nìkan ni ó bá a gúnlẹ̀. A ṣe ìrìbọmi fún un, a fún un ní orúkọ Potogí, a sì sọ fún un pé àwọn ẹni mímọ́ ìjọ nìkan ni kí ó máa bọlá fún. Àwọn baba wa ní bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Nígbà tí àwọn ìyá wọ̀nyí rí ère ọmọkùnrin méjì tí ó dúró pọ̀ nínú ilé ìjọsìn, tí wọ́n sì gbọ́ pé ìbejì ni wọ́n, wọn kò wá ibòmíràn lọ mọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ ìbejì ka iwájú Cosme àti Damião.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó. Nínú ìtàn Ìjọ Àgùdà, àwọn méjì yìí ni a ń yà sórí ère pọ̀. Ṣùgbọ́n ní Bràsíìlì, a sábà máa ń rí ọmọ kékeré kan láàárín wọn. Doum ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ orúkọ yìí fún: Ìdòwú ni. Àwọn ìyá wọ̀nyí mọ̀ pé kò yẹ kí a bọlá fún ìbejì kí a gbàgbé ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì bá àwọn ẹni mímọ́ náà wá àbúrò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí Ìdòwú ni èmi tí mo ń kọ ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù lẹ́nu

Èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ nínú ilé àti lọ́jà ní Bahia nígbà náà ti di èdè orin àti èdè ìsìn. Èdè Potogí ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ oúnjẹ wọn. Àkàrà tí wọ́n ń dín nínú epo pupa lẹ́bàá ọ̀nà, acarajé ni wọ́n ń pè é. Àkàrà ni apá kìíní ọ̀rọ̀ náà, jíjẹ sì ni èkejì. Ní ìgbà oko ẹrú, àwọn obìnrin a máa kiri oúnjẹ ní ìgboro fún olówó wọn, àwọn mìíràn sì fi èyí tí ó kù sí wọn lọ́wọ́ ra ara wọn padà. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí sínú ìwé ohun ìní àṣà orílẹ̀-èdè wọn. Abará ni ti ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ epo, tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì sè bí a ti ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀. Àmàlà pẹ̀lú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ilá tí a fi ń bọ Ṣàngó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ òkèlè ti ṣí kúrò, ó ti bọ́ sórí ọbẹ̀.

A kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú fún wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọlọ́pàá ń wọ ilé ìsìn òrìṣà ní Bahia, wọn a kó ìlù, wọn a kó ère lọ. Títí di ọdún 1976, ilé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó ṣe ọdún wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ìyá kan nítorí pé ó se ilá fún ọmọ méje?

Àwọn tí ó padà wálé

Àwọn kan nínú àwọn ènìyàn yìí tún òkun là padà. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní, ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó, dìde ogun ní Salvador. A ṣẹ́gun wọn, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú pọ́n àwọn ọmọ Áfríkà tí ó ti gba òmìnira. Láti ìgbà náà lọ ni ọ̀pọ̀ ti ń wọ ọkọ̀ padà sílé. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Láti ara wọn ni a ti ń pe ìjọ Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà.

Bí àwọn ìyá wọn ti gbé àkàrà lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà gbé ẹ̀wà bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, a máa ń jẹ frejon ní Èkó: ẹ̀wà tí a sè tí ó rọ̀, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi omi àgbọn sè, a ó sì fi ẹja jẹ ẹ́. Orúkọ tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà ni ó di orúkọ rẹ̀. A kì í sè é fún ara ẹni nìkan. Àwo a máa ti ilé dé ilé, láìbéèrè ìsìn ẹni tí a ń gbé e fún. Ní Àjàṣẹ́ àti Ouidah pẹ̀lú, àwọn ọmọ Àgùdà ń ṣe ọdún Bonfim nínú oṣù Kìíní, pẹ̀lú ìsìn, oúnjẹ ẹ̀wà àti eré egúngún tí wọ́n ń pè ní Bourian.

Àwa ńkọ́?

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi a máa se ẹ̀wà àti àkàrà fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi ìbejì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Gbogbo ọmọ àdúgbò a wá pẹ̀lú ewé lọ́wọ́, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Kristẹni, ọmọ onísẹ̀ṣe. Nígbà tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo sọ fún un pé ìwà àwọn ará àtijọ́ ni, pé ìnáwó lásán ni. Ìyá mi kò bá mi jiyàn. Ó gbé ìkòkò náà sẹ́yìn ilé, kò sì sè é mọ́ títí ó fi lọ. Lónìí, ọ̀kan nínú ìbejì náà wà ní Èkó, èkejì wà ní London. Àwọn ọmọ wọn kò mọ ara wọn bí kò ṣe nínú àwòrán. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí ó jẹ́ tiwọn papọ̀ mọ́.

Kristẹni ni mí, n kò sì pe ẹnikẹ́ni sí ìbọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ohun tí mo pa kì í ṣe ìbọ, ìpàdé àwọn ọmọ ni. Ní Ìgbò-Ọrà, ìlú tí a mọ̀ káàkiri ayé nítorí ọ̀pọ̀ ìbejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìbejì ńlá ní ọdún 2018. Àwa náà lè ṣe tiwa níwọ̀n agbára wa. Nítorí náà, mo gbé àbá mẹ́ta ka iwájú Ẹgbẹ́ wa.

Èkínní, ní Ọjọ́ Ìlú, kí a kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún àwọn ọmọdé kí a tó bu fún orí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì. Ọmọ tí ó bá dúró lẹ́yìn àga wo àgbà títí oúnjẹ fi tán, kò ní ka ọjọ́ náà sí tirẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà.

Èkejì, kí a máa sọ orúkọ oúnjẹ àti ìdí rẹ̀ fún wọn bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, pàápàá àwọn tí ó ti ìlú òyìnbó wá. Ọmọ a máa gbàgbé ẹ̀kọ́ inú ìwé, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ohun tí ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, kí a yé dúró de ìgbìmọ̀. Kí a sọ odidi ilá sínú ìkòkò. Agboolé tí ó bá kàn ni yóò gbàlejò ní ọdún tí ń bọ̀, kí gbogbo wa sì ràn án lọ́wọ́, nítorí ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Àwọn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè kọjá òkun kò jẹ́ kí ọdún wọn parun. Àwa tí a jókòó sórí ilẹ̀ baba wa kò ní àwáwí. Ní ti èmi, mo ti gbé ìkòkò ìyá mi wọlé, mo sì ti fọ̀ ọ́. Mo ti kọ̀wé sí Èkó àti sí London. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú gbogbo wa tún rí ara wa ní àmọ́dún. Àṣẹ.