Ìṣẹrí Etí Odò Ògùn: Ibi Tí Adé Èkó Ti Ṣẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Ọba Ewuare Kejì ti Bìní bẹ Sanwó-Olú, Gómìnà Èkó, wò, ó sì sọ pé àwọn baba ńlá òun ló tẹ Èkó dó. Ọ̀rọ̀ di iyàn láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Mile 12. Kò sẹ́ni tó rántí bi Ìṣẹrí, ìlú wa etí odò, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà tó mọ ìtàn yìí lórí ń tán lọ. Ẹ̀rí ni mo fẹ́ tò.

Àwọn àgbà ní Ògúnfúnminíre, ọdẹ, gbéra ní Ilé-Ifẹ̀. Ifá ní kó gbé àwo sójú odò, kó máa tẹ̀ lé e. Àwo dúró ní Olókemèjì, ó tún dúró ní Òkè-Àta. Nígbà tó kan Ìṣẹrí, ó pòyì, ó pòyì, ó rì. Ibẹ̀ lòun àtàwọn èèyàn rẹ̀, tí à ń pè ní Àwórì, tẹ̀ dó sí, baba náà sì di Ọlọ́fin. Nígbà tó yá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Ìdó. Arómirẹ́, ọmọ Ọlọ́fin, rékọjá sí erékùṣù, ó dáko ata. Orí oko ata yẹn ni Ìgà Ìdúngánràn, ààfin Ọba Èkó, wà lónìí.

Ogun Bìní wá dé. Aṣeru, olórí ogun wọn, gbógun ti Ọlọ́fin títí, kò rí i ṣẹ́gun. Ìṣẹrí ni ikú ká a mọ́. Òkú olórí ogun kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń dù, ṣùgbọ́n Aṣípa, ìjòyè Ìṣẹrí, gbà á rù, ó gbé e dé Bìní. Ọba ibẹ̀ fún un ní idà àti ìlù gbẹ̀du, ó ní kó máa ṣàkóso Èkó.

Bìní ní ọmọ ààfin ni Aṣípa. Mo gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ ààfin, iṣẹ́ ilé ló jẹ́. Ta ní í fi ìlú ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ torí pé ó jẹ́ iṣẹ́ ilé? Àlejò tó ṣe lóore là ń fi irú ọlá bẹ́ẹ̀ dá.

Aṣípa bí Adó, Ọba Èkó àkọ́kọ́. Gàbárò tẹ̀ lé e, Akinṣẹmọ́yìn, Ẹlẹ́tù Kékeré, Ológun Kútere tí Ẹrẹlú Kútì ọmọ Adó bí, Adélé Ajóṣùn, Ọ̀ṣinlókun, Ìdẹ̀wù Òjùlàrí, Olúwọlé, Akítóyè, Kòsọ́kọ́, títí kan Dòsùnmú tó fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ẹ̀jẹ̀ Ìṣẹrí ni gbogbo wọn.

Ìtàn Ìṣẹrí lẹ́yìn ìyẹn kò gùn. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Títì Èkó sí Ìbàdàn la odò wa kọjá ní 1978. Wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán, lókè odò, ní 1983. Ní 2010, omi tí wọ́n tú níbẹ̀ bo àdúgbò Ajégúnlẹ̀ àti Agílítì létí odò wa, ọkọ̀ ojú omi làwọn èèyàn fi ń wọlé ara wọn. Ṣáájú ìyẹn, ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Ìkòsì-Ìṣẹrí ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003.

Ká padà sórí iyàn náà: kí Bìní gba iyì idà àti gbẹ̀du tí wọ́n fún wa. A ò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn ọba Èkó jọba lé lórí, àti ọwọ́ tó gba idà náà, ti Ìṣẹrí ni.