Ta Ló Ni Aago Iṣẹ́?

Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀. Bí a bá wo ìtàn iṣẹ́ owó-oṣù dáadáa, a ó rí i pé ẹni tó ni aago ló ń ni wákàtí. Kì í ṣe iye owó nìkan ni ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ń bá ara wọn jà lé. Wọ́n tún ń jà lórí ta ni yóò ka àkókò, àti ìṣirò ta ni aráyé yóò gbà gbọ́.

Ní 1850, ìwé kan jáde nípa ìgbésí ayé ọmọdé kan tó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìhunṣọ ní Dundee, nílẹ̀ Scotland. Ìwé náà sọ pé àwọn ọ̀gá a máa ti ọwọ́ aago síwájú láàárọ̀, wọn a sì fà á sẹ́yìn lálẹ́. Ẹ̀rù ń ba òṣìṣẹ́ láti mú aago tirẹ̀ dání, torí wọ́n lè lé ẹni tó bá mọ àkókò jù. Ẹ ò rí nǹkan! Kéèyàn mọ aago tó lù, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Nígbà tó di 1888, Willard Bundy, ọkùnrin kan tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní Auburn ní ìpínlẹ̀ New York, ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ àkókò sórí pépà. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tó ní nọ́ńbà. Ní 1894, Daniel Cooper ti ìlú Rochester mú ẹ̀rọ oníkáàdì dé. Iléeṣẹ́ Bundy wà lára àwọn tó para pọ̀ ní 1911, tí wọ́n sì sọ wọ́n ní IBM ní 1924. Àṣé inú aago iṣẹ́ ni ọ̀kan lára gbòǹgbò iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá yìí ti hù! Ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ló dúró sí, ọwọ́ ọ̀gá ni pépà sì wà.

Òfin Amẹ́ríkà ti 1938 mú un ní dandan kí agbanisíṣẹ́ máa kọ wákàtí òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi amọ̀ ṣe àwo ní Mount Clemens, ní Michigan, òṣìṣẹ́ lè ki káàdì bọ ẹ̀rọ ní aago 6:46 àárọ̀, kó jáde ní 12:14, kó padà ní 12:46, kó sì lọ sílé ní 4:14. Wákàtí 8 péré ni wọ́n máa kà fún un. Ìṣẹ́jú 56 ti wọmi! Àwọn òṣìṣẹ́ pẹjọ́. Ní 1946, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní bí agbanisíṣẹ́ ò bá ṣàkọsílẹ̀ tó péye, kò lè dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi pé kò mọ iye ìṣẹ́jú gan-an; ẹ̀rí tó bọ́gbọ́n mu tó. Àwọn aṣòfin fi òfin mìíràn dín ẹ̀tọ́ owó ìrìn inú iléeṣẹ́ kù ní 1947, ṣùgbọ́n ìlànà ẹ̀rí yẹn ò kú.

Lónìí ńkọ́? Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Ledger, tí John Wiegley gbé jáde ní 2003. Kò ní àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ lẹ ó tẹ̀, ọ̀rọ̀ ni yóò fi dá yín lóhùn. Bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kọ lẹ́tà i sínú fáìlì, kí ọjọ́, aago àti orúkọ iṣẹ́ tẹ̀ lé e. Bẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, ẹ kọ o pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ wọlé ní 8:00, ẹ jáde ní 12:30: ètò náà á ní wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Fáìlì náà ṣeé kà lójú lásán, ọwọ́ yín ló sì wà.

Òótọ́ ni pé ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé lè purọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ká má dúró dìgbà tí ìjà bá dé. Ẹni tí ò ní kọ̀ǹpútà, ìwé kékeré àti bírò tó o. Ẹni tí kò bá ka wákàtí tirẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a kà á, bó sì ṣe wu onítọ̀hún ni yóò ṣe kà á.